Àwòrán Àbúrò Mi Gba Ìkòròdú Kan

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti rí àwòrán náà kí èmi tó rí i. N kò bá yín wí. Ọmọ ìyá mi ló wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo ti kọ́kọ́ rí i, ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Òkèhò. Obìnrin kan tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ló na fóònù sí mi.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé kì í ṣe Kàmọ́rù yín rèé?"

Kàmọ́rù ni. Ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó ń jáde ní géètì kan, ojú rẹ̀ hàn kedere bí ẹni tó dìídì dúró fún ayàwòrán. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá wa sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ilé tó ń gbé, wọ́n wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: OLÈ. Ẹ BÁ WA MÚ U NÍBIKÍBI TÍ Ẹ BÁ TI RÍ I.

Ẹ mọ̀ pé ó pẹ́ tí Kàmọ́rù ti wà ní Ìkòròdú, tó ń lẹ táìsì sí ilẹ̀ ilé onílé. Ó gba yàrá kan nínú ẹ́sítéètì tó ní géètì. Ẹgbẹ́ onílé ibẹ̀ ti gbé kámẹ́rà sí ẹnu géètì, wọ́n sì ti ya àwòrán gbogbo ayálégbé, wọ́n gba àtàǹpàkò wọn, wọ́n ní ààbò ni. Lọ́jọ́ kan, àwọn olè gé wáyà tiransifọ́mà ẹ́sítéètì náà lọ. Àwọn onílé tú kámẹ́rà wò, wọ́n rí ọkùnrin kan tó gbé àpò jáde láàárọ̀. Ẹ̀rọ wọn ló bá wọn dárúkọ rẹ̀. Wọn kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n tó fi àwòrán rẹ̀ sórí ayélujára.

Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ títí, kò lọ. Ìyá wa jókòó sórí ẹní ìkírun rẹ̀, kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó ní, "Sìkírátù, lọ bá mi wá ọmọ mi kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tó rí i."

Ẹnu géètì

N kò ní fi ọ̀rọ̀ mọ́tò dá yín lágara. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bí ọkàn mi ṣe rí nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ ní Ìkòròdú. Gbogbo ẹni tó bá ti tẹjú mọ́ fóònù, àbúrò mi ni mo rò pé ó ń wò. Ọmọge kan rẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, àyà mi já. Ìlú náà pọ̀, ilé tuntun ń jáde lẹ́yìn ilé tuntun, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ mí níbẹ̀. Èmi tí wọ́n ń kí láti òpin àdúgbò kan dé èkejì, mo di ẹni tí wọ́n ń fi èjìká gbá kọjá.

Lọ́dọ̀ wa, a máa ń kí àlejò kí a tó bi í ní ìbéèrè. Ní ẹnu géètì ẹ́sítéètì yẹn, ìbéèrè ló kọ́kọ́ jáde.

Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní, "Ta lẹ fẹ́ rí?"

Mo fẹ́ dárúkọ àbúrò mi, ẹnu mi kò gbé e. Mo rántí orúkọ aládùúgbò rẹ̀ kan tó máa ń sọ fún mi lórí fóònù. Mo ní, "Mama Tọ́lání."

"Wọn ò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbí, kí ẹ wo ojú ẹ̀rọ yìí, kí ẹ wọlé lọ dúró dè wọ́n."

"Kí lẹ fẹ́ fi àtàǹpàkò mi ṣe?"

"Ààbò ni, mà."

"Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán, níbo ló ń lọ?"

Ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ìbéèrè náà kò wá sí lọ́kàn rí. Ó ní, "Ó ń lọ sọ́dọ̀ Alága ẹgbẹ́ onílé. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan ló ń bá wọn tọ́jú ẹ̀. Màmá, ẹ má bínú, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni."

Mo sọ fún un pé n kò ní tẹ̀ ẹ́, pé màá dúró síta. Kò bá mi jà. Ó wá àpótí kan, ó nù ún, ó gbé e fún mi kí n fi jókòó. Inú oòrùn ni mo wà títí àwọn òṣìṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Èkó, pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ àti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé ojú wọn fún ẹ̀rọ náà láìdúró, bí ẹni ń juwọ́ sí ojúlùmọ̀.

Ẹ̀ṣọ́ náà nawọ́ sí mi fún obìnrin kan tó sanra díẹ̀. Obìnrin náà wò mí lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó gbá mi lọ́wọ́ mú lọ sí ilé ìtajà kan ní òdìkejì títì, ó ra omi tútù fún mi, ó wá rọra sọ pé, "Ojú yín jọra. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì."

Ará Ìkirun ni, Kìrìsìtẹ́nì, ọ́fíìsì ìjọba kan ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wọ̀ lójoojúmọ́ láti Èbúté Ìkòròdú. Ó ní Kàmọ́rù kì í jẹ́ kí òun gbé gáàlọ́ọ̀nù omi gun àtẹ̀gùn.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, èmi àti ẹ̀ la jọ jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Iná wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ mi tán ni. Ó wọ mọ́tò Ẹ̀pẹ́ lọ síbi iṣẹ́, èmi gba èbúté lọ. Orí omi ni mo wà tí Tọ́lání pè mí pé nǹkan dún gbàmù, iná lọ. Ṣé ẹni tó ti dé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló wá gé wáyà?"

Mo bi í pé, "Ẹ sọ fún wọn?"

Ó wo ilẹ̀. "Alága ni lańlọ́ọ̀dù mi." Ó wá ní, "Èmi náà fi àwòrán yẹn ránṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti bá mi nírọ̀lẹ́. Mo kàn rí 'olè', mo tì í sí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa kí n tó ṣí i wò dáadáa. Nígbà tí mo máa wò ó, ó ti lọ."

Mo mu omi náà. Mo fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n òun nìkan ni mo ní nínú gbogbo ìlú yẹn.

Ohun tí lọ́yà sọ

Mama Tọ́lání ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Lọ́yà Bùnmi, tó ń gbèjà àwọn ayálégbé, láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́bìnrin ni, gbígbẹ, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Láti ẹnu rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àbúrò mi ti wọ inú ìjà tó jù ú lọ. Àwọn ẹgbẹ́ onílé oríṣiríṣi ti parapọ̀, wọ́n ti bá àwọn kánsẹ́lọ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣe òfin pé kò sí ayálégbé tó gbọ́dọ̀ rí ilé gbà láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ àti àtàǹpàkò rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ kan náà, tí gbogbo onílé á sì lè máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ayálégbé kọ̀. Ìdìbò ń bọ̀, olóṣèlú sì wà lẹ́yìn ìhà méjèèjì. Kánsù ti mú ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn tí wọn yóò gbọ́ tẹnu aráàlú.

Lọ́yà ní, "Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin lórí ààbò ìwífún ẹni. Ojú rẹ, orúkọ rẹ, àtàǹpàkò rẹ, tìrẹ ni. Ẹni tó bá gbà á fún ṣíṣí géètì kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ṣe ìwé ìlépa olè. Wọ́n ní òfin yẹn ò kan ẹ́sítéètì. Àbúrò yín ló lè jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó kàn án."

Èyí yé mi. Tí mo bá sọ àìsàn aláìsàn kan fún aládùúgbò rẹ̀, wọn yóò lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe pè é ní "àbúrò yín" bíi pé ẹ̀rí ni, kì í ṣe ènìyàn, ó dùn mí.

Mo ní, "Lọ́yà, ṣé ẹ fẹ́ mú un wá síwájú àwọn tó ń wá a kí ẹ lè borí?"

Kò yí ojú kúrò. "Tí kò bá fẹ́ wá, a máa sọ̀rọ̀ láìsí i níbẹ̀. Ẹ bi í. Tó bá kọ̀, ẹ má fipá mú un nítorí tèmi."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni ìyá wa pè mí. Kàmọ́rù ti fi fóònù ẹlòmíràn pè é. Ó wà láàyè, ó wà ní Ejìnrìn, lọ́dọ̀ àwọn apẹja, nílé Ìyá Sáfù.

Nínú mọ́tò Ẹ̀pẹ́

Inú mọ́tò tí mo wọ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí jù lọ nínú gbogbo ìrìn náà. A ò tíì jìnnà sí Ìkòròdú tí ọkùnrin kan níwájú mi fi fóònù rẹ̀ han ẹnì kejì rẹ̀.

"Wọn ò tíì rí bọ̀ọ̀dá yìí o."

"Wọ́n máa rí i. Mo gbọ́ pé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló gbà sá lọ."

Fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìyá arúgbó kan ní kí Ọlọ́run tú u fó. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ sọ pé àsìkò ọlọ́pàá kọ́ nìyí, táyà àti pẹtiróòlù ló yẹ irú wọn. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Fóònù náà kàn mí. Ojú Kàmọ́rù ń wò mí nínú àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo fẹ́ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n èmi àti ta ni? Ẹgbẹ̀rún fóònù ló wà. Mo gbé e fún ẹni tó kàn.

Ọkùnrin tó ni fóònù yíjú sí mi. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni? Ẹ wò ó títí."

Mo fa híjáàbù mi sún mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní, "Ojú mi ò ríran dáadáa."

Ó ṣì ń wò mí. Ó wo imú mi, ó wo fóònù, ó tún wò mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ayatul Kursiyu sínú. Nígbà tí awakọ̀ pariwo Ìtóìkín, mo sọ̀kalẹ̀ láìjẹ́ pé ibẹ̀ ni mò ń lọ. Mo di òpó kan mú kí n tó pe ọlọ́kadà.

Ejìnrìn

Ẹ̀yin ará Òkèhò, ẹ wá wo ìyàtọ̀. Mo dé Ejìnrìn, mo bi ọmọdébìnrin kan ní ilé Ìyá Sáfù tó ń yan ẹja. Obìnrin náà jáde nínú èéfín, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó fún mi lómi. Kò bi mí ní orúkọ. Èdè ìhà ibẹ̀ ló ń sọ, nígbà míì ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ mì kí n tó gbọ́ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yé mi. Ó gbé ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná síwájú mi, iṣu ewùrà tí wọ́n fi ẹja ọ̀sà sè. N kò jẹ irú rẹ̀ rí. Ó ń yọ̀ lẹ́nu, ata rẹ̀ sì ń jó mi lọ́fun. Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ dé ìdajì ló tó sọ pé, "Ó wà lẹ́yìnkùlé. Jẹun tán ná. Kó má lọ rí ọ pẹ̀lú ebi lójú."

N kò lè jẹun tán.

Kàmọ́rù jókòó lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń bá ọkọ obìnrin náà tún àwọ̀n ṣe. Ó ti rù. Aṣọ ẹlòmíràn ló wọ̀. Ó rí mi, ó dìde, ó sì kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn mi bóyá àwọn ènìyàn tẹ̀ lé mi wá. Ìwò yẹn ni mo sunkún fún.

Ó sọ fún mi pé ibi iṣẹ́ ní Ẹ̀pẹ́ ni àwòrán náà ti bá òun. Ẹni tí wọ́n jọ ń po símẹ́ńtì ló rí i, ló figbe ta. Wọ́n ya aṣọ mọ́ ọn lára kó tó já gbà. Ó sáré títí dé etí omi, ó bá Ìyá Sáfù tó ti ta ẹja tán, tó fẹ́ padà sílé.

Ó ní, "Mo sọ fún wọn pé, 'Màmá, wọ́n ní olè ni mí, n kì í ṣe olè.' Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n kó apẹ̀rẹ̀ wọnú ọkọ̀."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìpàdé kánsù fún un. Mo sọ ti Mama Tọ́lání. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé a lè gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú padà sílé, kí a fi Èkó sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ọkàn mi fẹ́ kó mú ìyẹn.

Ó ń fi ìka fa òwú àwọ̀n. Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá délé, àwọn ará ilé náà ò ní fóònù ni?"

Mo jókòó tì í, mo bá a di àwọ̀n náà mú.

"Màá lọ sí ìpàdé náà," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n gba títì."

Orí omi

Bàbá Sáfù ló fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé wa. Ẹ̀yin mọ̀ pé odò tí mo mọ̀ ni èyí tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ là kọjá. Ọ̀sà yẹn kò ní òpin lójú mi. Omi ń ta sí wa lára, Kàmọ́rù fa fìlà bojú, kò ṣí i títí a fi kọjá Ìjẹ̀dẹ. Àwọn obìnrin kan ń fọ aṣọ létí omi níbẹ̀, wọ́n juwọ́ sí wa. Kò juwọ́ padà.

Ní Èbúté Ìkòròdú, àwọn tó ń wa yanrìn dúró sórí òkìtì, wọ́n ń wò wá bí a ṣe ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù sókè. Mo rí bí Kàmọ́rù ṣe gan. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi igi ọkọ̀, ó fẹ́ fò sómi. Mo di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ọkùnrin náà gbé fóònù sí etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyàwó rẹ̀ ṣàríyànjiyàn lórí owó iléèwé.

Kàmọ́rù jókòó padà. Ó ní, "Àǹtí, ṣé bí màá ṣe máa gbé ayé nìyí?"

Gbọ̀ngàn kánsù

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́. Àwọn onílé jókòó sápá kan, àwọn ayálégbé sápá kejì, bí ọkọ àti aya tó ń jà. A jókòó sẹ́yìn pátápátá, Kàmọ́rù sàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n lọ́yà, ẹni tí lọ́yà ní kó wà pẹ̀lú wa.

Alága ẹ́sítéètì ló kọ́kọ́ dìde. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀. Àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ kò sókè. Ó ní àwọn adigunjalè ti wọ ilé òun rí, wọ́n lu ìyàwó òun, etí rẹ̀ kan kò sì gbọ́ràn mọ́ di òní. Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ òfin, níbo lẹ wà lọ́jọ́ yẹn? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, kí ló ń bò?"

Àwọn ènìyàn rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Mo wo ìyàwó náà tó jókòó tì í, tó yí etí kejì síhìn-ín kó lè gbọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Lọ́yà Bùnmi sọ tirẹ̀. Wọ́n ń hó lé e lórí. Kánsẹ́lọ̀ tó ń darí ìpàdé lu tábìlì títí. Nígbà náà ni Mama Tọ́lání dìde. N kò mọ̀ pé yóò dìde. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ó di báàgì mọ́ àyà.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ayálégbé Alága ni mí. Èmi àti ọmọkùnrin inú àwòrán yẹn la jọ jáde ní géètì. Iná wà. Ọmọ mi pè mí lórí omi pé iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Kámẹ́rà yẹn ya àwòrán mi náà, èmi ni mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kí ló dé tí ẹ ò pe èmi lólè? Nítorí pé báàgì ọ́fíìsì ni mo gbé?"

Alága wò ó, ó ní, "Mama Tọ́lání, o ò sọ fún mi."

Ó ní, "Ẹ̀rù yín ló bà mí, sà."

Kàmọ́rù ṣí fìlà. Kì í ṣe èmi ni mo ní kó ṣe é. Ó dìde, àwọn tó wà níwájú yíjú padà, ẹnìkan sì pariwo pé, "Òun nìyẹn!" Ọkùnrin méjì dìde lórí àga. Mo dúró síwájú rẹ̀ láìmọ ohun tí mo fẹ́ fi ara mi ṣe. Lọ́yà ti dé ọ̀dọ̀ wa kí wọ́n tó sún.

Kàmọ́rù kọjú sí Alága. Ó ní, "Alága, èmi ni mo lẹ táìsì ilé ìdáná yín. Ẹ ní nọ́ńbà mi. Ẹ ò pè mí."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Ó jókòó.

Bí ó ṣe parí

Ẹ má rò pé a borí pátápátá. Àwọn kánsẹ́lọ̀ yọ ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò kúrò nínú àbá náà, wọ́n sún ìyókù síwájú, àwọn onílé sì búra pé àwọn yóò gbé e padà wá lẹ́yìn ìdìbò. Ìjà náà ṣì wà níbẹ̀. Alága fún Mama Tọ́lání ní ìwé pé kó wá ilé míràn. Lọ́yà ti gba ẹjọ́ yẹn pẹ̀lú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹgbẹ́ onílé fi ọ̀rọ̀ ṣókí ránṣẹ́: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo àwòrán tí a fi síta láìpẹ́ yìí." Kàmọ́rù kà á lójú mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ní, "Nígbà tí wọ́n pè mí lólè, wọ́n dárúkọ èmi àti bàbá mi. Ibo ni orúkọ mi wà nínú èyí?"

Lọ́yà bi í pé ṣé ó dá a lójú pé ó fẹ́ kí wọ́n tún pariwo orúkọ rẹ̀. Ó ronú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní àwọn tó pọ̀ nílé ni kò lè kàwé, kí Alága fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ sínú fóònù. Lọ́yà ní láti fi ẹjọ́ halẹ̀ díẹ̀ kí Alága tó gbà. Nígbà tó sọ ọ́, ó sọ ọ́ dáadáa. Ó dárúkọ àbúrò mi ní kíkún, ó ní kì í ṣe olè, ó ní òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀.

Kàmọ́rù kò bá mi wálé. Ejìnrìn ló padà sí. Ó ní níbẹ̀, wọ́n ń wo òun bí wọ́n ṣe ń wo ẹlòmíràn, òun ò tíì lè fi ìyẹn sílẹ̀.

Nígbà tí mo dé Òkèhò, ohùn Alága ti ṣáájú mi dé. Ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, fóònù ọmọ aládùúgbò wà lórí itan rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́. A gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀, ó sì ń mi orí bí orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe ń jáde.

Lẹ́yìn náà, ó bi mí pé, "Ọjọ́ wo ni yóò wálé?"

Mo ní, "Ìyá, ọjọ́ tó bá lè gbà kí a wo òun lójú."

Ó ní kí wọ́n tún un tẹ̀.